Ilẹ̀ Tó Kù Láti Gbà

Sábọ́n Gàrí, Kánò.

Wọlé ọmọ mi, Àjàní ọkọ Bọ́lá,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bí Bọ́lá bá wà nítòsí, pè é kó wá jókòó tì ọ́, kó di ọwọ́ rẹ mú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn. Màmá rẹ ti lọ́kọ.

Mo ti kọ ọ́ báyìí, mo sì ń wò ó lórí ìwé, ẹ̀rín ń pa mí. Mo ti lọ́kọ, Wọlé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, níwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí àwọn ará kíláàsì Bíbélì tò sórí àga iwájú, ni Pásítọ̀ so mí pọ̀ mọ́ Bàbá Rúùtù. O mọ̀ ọ́n. Òun ni ọkùnrin gíga tó máa ń mú òòlù kékeré lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀ rélùwéè, tó ń lu ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ́tí sí i bóyá ọ̀kan ti sán. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń fi ṣíbí lu gbogbo ìkòkò inú ilé wa bíi tirẹ̀, bàbá rẹ á ní kí a gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ kí o tó lu orí òun. Ìyá Rúùtù ti ṣáájú bàbá rẹ lọ. Rúùtù fúnra rẹ̀ wà nílé ọkọ ní Jọ́ọ̀sì, òun ló sì rán aṣọ tí mo wọ̀.

Láti ìgbà òjò ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ọ. Gbogbo lẹ́tà tí mo kọ sí ọ pé àlàáfíà ni mo wà, kì í ṣe irọ́. Àlàáfíà náà ní orúkọ ni, mi ò kàn dárúkọ rẹ̀ ni. O lè bínú pé mi ò sọ kí a tó ṣe é. Ẹ̀rù rẹ ló bà mí. Mo mọ̀ pé bí o bá wọ ọkọ̀ wá bá mi, tí o dọ̀bálẹ̀, tí o ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é," mi ò ní ṣe é. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, mi ò tíì mọ bí a ṣe ń kọ ohun tí o bá bẹ̀ mí. Nítorí náà ni mo ṣe sá fún ẹ̀bẹ̀ rẹ.

Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn ló wà níwájú mi níbí. Ayọ̀ iṣẹ́ tuntun rẹ kò tíì tán lára mi: ọmọ mi, olùkọ́ àgbà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú bàbá rẹ̀ gan-an. Mo fi ìwé náà han gbogbo àdúgbò, àti ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kejì ló mú kí n gbé kálámù báyìí. O ní o ti kan òrùlé yàrá kan fún mi lórí ilẹ̀ bàbá rẹ, pé kí n kó ẹrù mi máa bọ̀. O ní, "Màmá, ẹ ti pẹ́ jù ní Íjíbítì. Ọlọ́run ló ṣèlérí ilẹ̀ fún àwọn baba. Ẹ jáde wá." O tún ní Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ, sọ pé bí mo bá jókòó sí Kánò títí tí mo fi fẹ́ ẹlòmíràn, kò sí ìpín fún mi mọ́ nínú agbo ilé. O wá fi tìrẹ kún un: o ní bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, o kò mọ ojú tí o máa fi wò mí.

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé lọ sí ibi ìgbéyàwó mi, Àjàní, lábẹ́ gèlè. Inú mi dùn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́, ibi kan ṣoṣo ló sì ń dùn mí nínú gbogbo ayọ̀ náà, ibẹ̀ ni. Ohun tí mo ń wá nínú lẹ́tà gígùn yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí o wá, kí o sì wò mí lójú.

O fi ilẹ̀ ìlérí bá mi sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ìlérí náà ni mo máa fi dá ọ lóhùn. O kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló fún mi lọ́kọ.

Èkíní, má sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà.

Ní kíláàsì Bíbélì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a ń ka ìwé Jóṣúà. A dé ibi tí a ti sọ pé Olúwa fún Ísírẹ́lì ní gbogbo ilẹ̀ tó búra fún àwọn baba wọn, pé kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. Mo nawọ́ sókè. Mo ní ṣé kì í ṣe ìwé kan náà yìí ló sọ ṣáájú pé Jóṣúà ti di arúgbó, ilẹ̀ tó kù láti gbà sì pọ̀? Bí a bá sì ṣí ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kìíní pàápàá ti ń dárúkọ àwọn tí wọn kò lé jáde. Èwo ni kí a gbà? Bàbá Rúùtù dìde lẹ́yìn. Ó ní bí Ọlọ́run bá ní òun ti fúnni, ó ti fúnni nìyẹn, kí obìnrin má fi ìbéèrè jẹ ìlérí bí ikán ṣe ń jẹ ilé. Mo dá a lóhùn pé kí ọkùnrin má fi ohùn gíga bo ẹsẹ̀ Bíbélì mọ́lẹ̀. Kíláàsì pín sí méjì. Àwọn kan ń pe ara wọn ní ará "Ó ti parí," àwọn kan ní àwọn jẹ́ ará "Ó ṣẹ́ kù." Pásítọ̀ ní kí àwa méjèèjì lọ bá ara wa wá ìdáhùn wá kí a má baà fọ́ ìjọ.

Bí Bàbá Rúùtù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ilé wa nìyẹn, ó gbé Bíbélì sí abíyá kan, ó mú máásà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì àwọn Háúsá, lọ́wọ́ kejì. Màmá Sikírá, aládùúgbò wa ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ, máa ń jókòó sí iwájú ilé tirẹ̀ tí á máa wò wá. O mọ ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kí wa ní Háúsá, "Sànnú dà áíkì," pé a kú iṣẹ́, ó wá yí i sí Yorùbá kí ọ̀rọ̀ náà lè dùn dáadáa.

"Ìyá Wọlé, ilẹ̀ Kénáánì wo lẹ̀ ń wá lójoojúmọ́ tí ẹ ò rí? Àbí inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ ló wà ni?"

Bàbá Rúùtù ní bó bá jẹ́ inú ìkòkò náà ni, òun ti rí oyin, ó ku wàrà. Mo wọlé lọ fi ojú pamọ́.

Èmi ni mo rí ìdáhùn náà níkẹyìn, inú ìtìjú ara mi ni mo sì ti rí i. Nígbà tí mo jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí mo ń bọ̀ wá bá bàbá rẹ ní Kánò, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ní Ìlọrin, wọ́n ní yóò gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Mi ò wọ ọkọ̀ ojú irin rí. Nígbà tí a dé Kàdúná, mo rí i pé èrò ń rọ́ jáde, Háúsá ni mo ń gbọ́ níbi gbogbo, àwọn àgbàlagbà wọ ẹ̀wù gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní ilẹ̀ Háúsá nìyí, ibi tí ọkọ mi wà nìyí. Mo sọ àpò mi kalẹ̀, mo sọ ìkòkò mi kalẹ̀, mo fa adìẹ tí ìyá mi fún mi jáde. Àfi bí ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ṣe dúró lé mi lórí. Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó wo adìẹ, ó wò mí. Ó ní, "Ìyàwó, Kánò ni wọ́n sanwó rẹ̀ fún ọ. Ta ló ní kí o gba Kàdúná?" Ó bá mi kó gbogbo ẹrù náà padà sínú ọkọ̀, adìẹ ń ké, gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín mi títí a fi dé Sáríà.

Mo sọ ìtàn yìí fún Bàbá Rúùtù. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́ ní Ìlọrin, wọ́n ti fún mi ní Kánò pátápátá, kò sí ohun tó kù kí wọ́n san. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n ti fún mi tán kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọjá Jẹ́bà, kí n kọjá Mínnà, kí n kọjá Kàdúná pẹ̀lú adìẹ mi. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀nà ṣì kù náà kò purọ́. Jóṣúà ń ka ohun tí wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́, ìwé Àwọn Onídàájọ́ ń ka ibi tí ẹsẹ̀ wọn dé. Àwọn tó jókòó sí àárín àwọn tí wọn kò lé jáde, Kàdúná ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí. Bàbá Rúùtù rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ láti nu omi. Ó wá ṣí Ẹ́kísódù, ó fi han èmi náà pé Ọlọ́run ti sọ ọ́ ṣáájú pé òun kò ní lé àwọn ará ibẹ̀ jáde lọ́dún kan ṣoṣo, kí ilẹ̀ má baà di aginjù, kí ẹranko ìgbẹ́ má baà pọ̀ jù wọ́n lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni, títí wọ́n á fi pọ̀ tó láti gbà á. Mi ò mọ ẹsẹ̀ yẹn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì mi ṣe bá Ẹ́kísódù rẹ̀ mu nìyẹn.

Ó pa Bíbélì dé. Ó ń fi ìka lu èèpo rẹ̀ bí ẹni ń lu ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó wá ní, "Àṣàkẹ́, èmi náà ti di arúgbó bíi Jóṣúà, ilẹ̀ tó kù láti gbà sì pọ̀. Ṣé ẹ máa bá mi gbà á?"

Wọlé, ẹni tó pè mí ní Àṣàkẹ́ kẹ́yìn ni bàbá rẹ.

Ìmọ̀ràn mi fún ìwọ àti Bọ́lá nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yín pọ̀, wọ́n fún ọ ní Bọ́lá tán, wọ́n fún òun náà ní ìwọ tán. Ṣùgbọ́n o kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ibì kan wà nínú ọkàn rẹ̀ tí o kò ní dé títí irun rẹ á fi funfun. Má bínú sí i, má sì sọ̀ kalẹ̀ ní Kàdúná kí o ní ibi tí ìgbéyàwó mọ nìyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ rẹ. Wọ́n ti pè ọ́ ní olùkọ́ àgbà, àmọ́ àwọn olùkọ́ tó bá ọ níbẹ̀ kò ní gbà ọ́ ní àgbà lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èkejì, má di ẹrù rẹ kalẹ̀ kí o má tú u.

O rántí àpótí ńlá abẹ́ ibùsùn wa. O rántí pé a kò gbin ewé kan sí iwájú ilé. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ lọ́dọọdún pé, "Kérésìmesì tó ń bọ̀, ilé ni." Èmi náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ni. Nítorí ilé, a kò ra àga tó dára. Nítorí ilé, mo kó àwọn àwo olódòdó búlúù tí ìyá mi fún mi sínú àpótí, mo kó aṣọ òkè lé wọn lórí, inú abọ́ páànù ni a sì ń jẹun. Ọdún tí a dé náà ni ọkọ Màmá Sikírá gbin dongoyárò sí iwájú ilé tirẹ̀. Igi náà dàgbà jù ọ́ lọ, abẹ́ rẹ̀ ni ìwọ sì ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Bí oòrùn bá mú, tí a bá gbé ìjókòó wa lọ síbẹ̀, Màmá Sikírá á ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin arìnrìn-àjò. Ẹ má gbàgbé láti mú òjìji díẹ̀ lọ sílé."

Àṣìṣe àwa ará Sábọ́n Gàrí nìyí, àwa tí ọkọ̀ ojú irin kó wá. Ilé tí a kò gbé la ń kọ́, ilé tí à ń gbé la kò kọ́. Mo rò pé ìgbàgbọ́ ni. Mo rò pé ẹni tó bá gbin igi sí ilẹ̀ àjèjì ti ṣiyèméjì nípa ilẹ̀ ìlérí. Ṣùgbọ́n wo Jeremáyà. Ó kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì pé kí wọ́n kọ́ ilé kí wọ́n gbé inú rẹ̀, kí wọ́n gbin ọgbà kí wọ́n jẹ èso rẹ̀, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Jeremáyà kan náà yìí ló sì ra oko ní Ánátótì nílé nígbà tí ogun yí ìlú ká, nítorí Ọlọ́run ti ní wọ́n á tún padà wá ra ilé àti oko níbẹ̀. Ọwọ́ kan ń gbin igi ní ibi tí wọ́n wà, ọwọ́ kejì ń di ìlérí ilé mú. Ọwọ́ méjèèjì, ara ẹnì kan náà ni.

Nítorí náà yàrá tí o kọ́ kò ṣòfò, ọmọ mi. Kọ́ ọ parí. Ṣùgbọ́n má tì í pa dè mí. Ṣí fèrèsé rẹ̀, tẹ́ ibùsùn sí i, kí ìyá Bọ́lá sùn níbẹ̀ bó bá wá kí yín, kí olùkọ́ tí kò tíì rí ilé gbà forí pamọ́ síbẹ̀. Má jẹ́ kó di àpótí abẹ́ ibùsùn. Bí mo bá wá, mo máa sùn níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ mi, bí o bá gbà wá láàyè.

Kí n sọ bí ọ̀rọ̀ àpótí náà ṣe parí. Ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó mo fà á jáde. Kòkòrò ti jẹ aṣọ òkè náà tán. Àwọn àwo náà nìkan ló kù, wọ́n ń dán bí ọjọ́ tí ìyá mi gbé wọn fún mi. Inú wọn ni gbogbo wa ti jẹun lọ́jọ́ náà, túwó àti ọbẹ̀ kúkà, àti ìrẹsì. Màmá Sikírá ló kọ́kọ́ fọ́ ọ̀kan. Ó ká ọwọ́ lérí, ó ní a tọ́jú àwo ju ẹni tó ń jẹun nínú rẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwo tó fọ́ lẹ́nu iṣẹ́ sàn ju èyí tó gbó sínú òkùnkùn. Bàbá Rúùtù ti gbin máńgòrò sí iwájú ilé báyìí. Kò ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti ń kí i ní àárọ̀ bí ẹni ń kí àgbà.

Ẹ̀kẹta, má fi ìlérí ṣe ìgbéraga, pàápàá níwájú àwọn ẹbí.

Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni a pẹ́ lórí rẹ̀ jù ní kíláàsì. Ọlọ́run ṣèlérí ilẹ̀ fún Ábúráhámù láìbéèrè ohun kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹnu Mósè, ó ní bí ẹ bá ṣe báyìí ẹ máa pẹ́ lórí ilẹ̀ náà, bí ẹ kò bá ṣe é ilẹ̀ á pọ̀ yín jáde. Ẹnì kan ní kíláàsì béèrè pé ṣé Ọlọ́run yí ọ̀rọ̀ padà ni. Rárá. Fífúnni kò sí lọ́wọ́ ìwà wọn. Gbígbé ibẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ìwà wọn. Wọ́n lè lé ọ̀mùtí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mínnà, àmọ́ ọkọ̀ kò tìtorí tirẹ̀ yí padà. Àwọn tó kùn ní aginjù kò dé, àwọn ọmọ wọn dé. Wọ́n kó wọn lẹ́rú, a sì tún mú wọn padà. Mósè kúkú ti sọ fún wọn pé kì í ṣe nítorí òdodo wọn ni wọ́n fi gba ilẹ̀ náà.

Ohun tó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún mi wà nínú Léfítíkù, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí wọ́n má ta ilẹ̀ náà pátápátá, nítorí tòun ni, pé àlejò àti àtìpó ni wọ́n lọ́dọ̀ òun. Gbọ́ o, Àjàní. Àwọn tí a fún nílẹ̀ gan-an, lórí ilẹ̀ tí a fún wọn, àlejò ni wọ́n níbẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé púlọ́ọ̀tì ìjọba ni à ń gbé ní Sábọ́n Gàrí, pé ayálégbé ni wá títí a ó fi kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré náà ayálégbé ni ní Ògbómọ̀ṣọ́, bó bá gba Léfítíkù gbọ́.

Dọ̀bálẹ̀ fún un kí o tó sọ bẹ́ẹ̀ o. Má tilẹ̀ sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Sọ fún un pé mo dúpẹ́ pé ó fẹ́ ṣú mi lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà, pé kò fi mí sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní ará. Sọ pé mo fi ìpín tèmi nínú agbo ilé sílẹ̀ fún un tọkàntọkàn. Tìrẹ kò lọ ibì kankan. Ti bàbá rẹ ni, ọmọ rẹ̀ ni ọ́. Àwọn Léfì kò gba ilẹ̀ láàárín àwọn arákùnrin wọn, ebi kò sì pa wọ́n.

Mi ò ka iye mọ́, ayọ̀ ti dà mí lórí rú. Kí n kàn máa sọ ọ́ lọ.

O pè mí jáde ní Íjíbítì. Ṣé o ti ka ìparí ìwé Ìsíkíẹ́lì? Níbi tí wọ́n ti ń fi okùn wọn ilẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, Ọlọ́run ní kí wọ́n pín in fún àwọn àlejò tó ń gbé láàárín wọn, tó ti bímọ síbẹ̀; ẹ̀yà tí àlejò bá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti fún un ní ìní. Mo kà á sókè ní kíláàsì. Ìlú àlejò ni ìlú wa. Mo bí ọ síbí. Háúsá lo fi sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ, "rúwá" lo wí, omi lò ń béèrè. Ìlérí tó mọ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún àlejò, ìlérí Ọlọ́run gan-an nìyẹn. Bí ilé rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá kún, fi àyè sílẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá kún fún ìrántí bàbá rẹ, fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń béèrè kò kéré.

Nítorí mo mọ ohun tó ń dùn ọ́ ní tòótọ́. Kì í ṣe ilẹ̀. O rò pé mo ti fi ẹlòmíràn sí ipò bàbá rẹ.

Ábúráhámù, tí a ṣèlérí gbogbo ilẹ̀ fún, ibojì nìkan ló ní níbẹ̀ kó tó kú. Nígbà tí Sárà kú, ó ra ihò Mákípélà lọ́wọ́ àwọn ará Hétì, ó sì san iye owó rẹ̀ pé. Ìwé Hébérù ní inú àgọ́ ló gbé ní ilẹ̀ ìlérí bí ẹni wà nílẹ̀ àjèjì, ojú rẹ̀ wà lára ìlú tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kọ́. Ẹni tó gbàgbọ́ jù, ibojì àti àgọ́ ni tirẹ̀. Àwa náà, ibojì bàbá rẹ ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwa ní Kánò. Ta ló wá kù tí mo máa fi í sílẹ̀ fún bí mo bá kó ẹrù? Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, Bàbá Rúùtù mú ọkọ́, ó ní kí n mú un lọ síbẹ̀. Ó ro gbogbo koríko ibẹ̀. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó parí, ó ṣí fìlà, ó kí i bí ẹni tó bá a nínú ilé.

Ó ní, "Ẹ kú ilé o, sà. Mi ò wá gba ààyè yín. Ẹ̀yin lẹ ro ilẹ̀ yìí. Àlejò ni mo wá ṣe."

Mo sunkún níbẹ̀, Wọlé, ṣùgbọ́n ẹkún náà dùn. Ká ní mo gbọ́ pé ọkùnrin mìíràn lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ǹ bá má fẹ́ ẹ. Mi ò tíì gbọ́.

Ó ku ohun kan ṣoṣo. Nínú ìsìn náà, Pásítọ̀ dé ibi tó ti máa ń béèrè pé, "Ta ló fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?" Kò sí ẹni tó dáhùn, nítorí ẹni tó yẹ kó dáhùn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń kan òrùlé fún mi. Pásítọ̀ gbójú sókè wò mí. Mo ní, "Èmi ni, sà." Kíláàsì Bíbélì bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Rúùtù ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, a sì ń bá ìsìn lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdáhùn náà kò pé. Mo bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A ó ṣe ìdúpẹ́ ní Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, ó sì ti gbà láti tún ìbéèrè yẹn bi níwájú gbogbo ìjọ. Lọ́jọ́ náà, mi ò ní dáhùn. Mo máa dákẹ́, mo máa yíjú sẹ́yìn, mo máa wo ojú rẹ. Bí o bá lè wò mí padà, ìwọ ni o máa dáhùn. Bí o bá sì rí i pé o kò lè ṣe é, wá náà. Jókòó, jẹun nínú àwo búlúù, díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Sọ fún Bọ́lá kó mú aṣọ tó nípọn, ọyẹ́ Kánò kì í ṣe eré. Mú Bàbá Kékeré wá bó bá gbà. Mo ti fi àwo kan sílẹ̀ fún òun náà. Bàbá Rúùtù yóò wà ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú òòlù rẹ̀, ó ní òun fúnra òun máa lu gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó bá gbé yín wá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ ní Kàdúná.

Èmi Màmá rẹ, Àṣàkẹ́, ìyàwó tuntun.

Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá, ni gbogbo yín gbọ́dọ̀ ti dé.